Katakata Tí Kò Fẹ́ Lọ

Ìró katakata yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí ojú ọkọ mi. Kì í ṣe katakata ńlá tí èèyàn ń jókòó lé lórí o. Kékeré ni, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tó ní ọwọ́ gígùn méjì tí èèyàn á dì mú, tí á sì máa rìn tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tó ń da ewúrẹ́ lọ sílé. Láàárọ̀, tí òórùn búrẹ́dì bá ti ń jáde láti ilé búrẹ́dì tó wà ní ìkángun àdúgbò wa ní Agége, ọkọ mi á fa okùn ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, á tún un fà, ẹ̀rọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo títí yóò fi kọjá ojú irin. Mo máa ń bú u nígbà náà. Mo máa ń sọ pé ó ń jí gbogbo ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, pé ojú ń tì mí láti kí àwọn aládùúgbò. Nígbà tí ariwo náà wá dákẹ́, mi ò mọ ohun tí màá fi àárọ̀ mi ṣe mọ́.

Ìgbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé nǹkan máa dára, rédíò kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ tí ọkọ mi ti ń tọ́jú ọgbà àti koríko ní Ìkẹjà kò dúró de dídára náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa pín ẹrù tó wà nílẹ̀ dípò ohun tó tọ́ sí wọn. Àwọn kan gbé fáànù, àwọn kan gbé tábìlì. Ọkọ tèmi da katakata ògbólógbòó láti Ìkẹjà wá sí Agége lọ́sàn-án gangan, ó ń làágùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Mo ní a kò ní oko, a kò ní ilẹ̀, kí la fẹ́ fi katakata ṣe, ṣé ká máa fi gbálẹ̀ ni?

Ó rí ilẹ̀. Ìyá arúgbó kan wà tí ìdílé rẹ̀ ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ojú irin láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọmọ bíbí Agége, ìyá tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Onílẹ̀. Ilẹ̀ náà le koránkorán nítorí àwọn ọkọ̀ ńlá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ́ lásán kò lè ràn án. Katakata ràn án. Ọkọ mi gbin tẹ̀tẹ̀, ó gbin ṣọkọ àti ilá, àwọn aláta sì ń wá gbé e lóko. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní iléèwé kan, mo sì ń pe ara mi ní olùkọ́, àmọ́ ẹ̀fọ́ yẹn ló ń bọ́ wa, òun náà ló ń rán àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ sílé ìwé. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Mo ń wí fún un pé kó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ti dé, yóò gbé katakata sẹ́yìn ilé, yóò lóṣòó ti táyà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọ̀tún kọ́kọ́, lẹ́yìn náà òsì, yóò fi gíríìsì pa á lára, kó tó wá fọ ọwọ́. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí. Mo rò pé ẹrẹ̀ ló ń ha. Olè pọ̀ ládùúgbò nígbà náà, wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò níwájú ilé tí oorun kò tíì kun onílé, mo sì máa ń sọ fún un pé kó wá ṣéènì ra. Á kàn rẹ́rìn-ín.

“Jẹ́ kí wọ́n wá. Ẹni tó bá fẹ́ jí i, kó máa fọwọ́ tì í lọ. Kó tó dé ojú irin, ilẹ̀ á ti mọ́ bá a.”

Mo rò pé wíwúwo rẹ̀ ló fi ń yangàn. Ọkọ mi àti irin rẹ̀! Mo pòṣé, mo padà sídìí ọbẹ̀ mi.

Ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò lọ sóko, lórí àga, lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Abọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé e, mo fọ̀ ọ́, mo dojú rẹ̀ dé, kí n tó jáde lọ pe èèyàn. Títí di òní, mi ò lè ṣàlàyé abọ́ yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Mi ò sunkún. Àwọn obìnrin ìjọ wa wá jókòó tì mí, àwọn ará ìlú wa láti Èkìtì tó wà ní Agége wá, wọ́n ń bá mi sun tiwọn, wọ́n sì ń fi igun ojú wò mí. Wọ́n ní kí n sunkún kí ó lè fúyẹ́. Mo gbìyànjú. Ojú mi gbẹ táútáú. Ẹ mọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fún èèyàn kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀? Bí ó ṣe máa ń rí lẹ́nu ni ó rí ní gbogbo ara mi. Mò ń jẹun, mò ń di irun ọmọ mi obìnrin, mò ń dá àwọn èèyàn lóhùn pé ẹ ṣé, a dúpẹ́, Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ nǹkan kan lára. Mo wọ aṣọ dúdú bí wọ́n ṣe ní kí n wọ̀ ọ́, ó sì ṣe mí bíi pé yúnífọ́ọ̀mù iléèwé mìíràn ni wọ́n fún mi.

Lẹ́yìn tí a ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dúró sẹ́yìn láti pín aṣọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, àgbẹ̀ ni ní Èkìtì, kì í gbé ohùn sókè. Ó pín agbádá, ó pín bùbá, ó pín bàtà fún àwọn tó tọ́ sí. Nígbà tó parí, ohun kan ṣoṣo ló kù tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, ṣòkòtò iṣẹ́ tí epo ti mu gbingbin, tó wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Èmi náà kì í wo apá ibẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn náà, ẹ̀yìn ni mo fi ń tì í.

“Ìyàwó,” ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bi mí, “kí la fẹ́ ṣe sí katakata tó wà lẹ́yìn ilé yìí?”

Kí n tó dá a lóhùn, Ìyá Onílẹ̀ wọlé. Ó kí mi kú ọ̀fọ̀, ó jókòó, ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀.

“Ìyàwó mi, má bínú sí mi o. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ti wá bá mi lórí ilẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ mi sì ti ń gbè sẹ́yìn wọn. Mo sọ fún wọn pé ẹ ṣì máa dáko níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá fi bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò rí poro kan lórí ilẹ̀, mi ò ní ẹnu tí màá fi bá wọn jiyàn mọ́. Ẹ bá mi tú u, kí n lè rí nǹkan fi hàn wọ́n.”

Nígbà tó lọ tán, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ronú títí. Ó ní bí katakata bá ṣiṣẹ́, òun á bá mi tú ilẹ̀ náà kí òun tó padà, mo sì lè dúró sí Agége kí n máa bá ẹ̀fọ́ lọ. Bí kò bá ṣiṣẹ́, òun á tà á fún àwọn onírin, kí èmi àti àwọn ọmọ kó ẹrù wa, ká bá òun lọ sí Èkìtì. Yàrá kan ṣófo nílé òun. Inú rere ló fi sọ ọ́, mo sì kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ lọ. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi di ọmọ tí wọ́n ń gbà tọ́jú nínú yàrá tó ṣófo. Nínú gbogbo òkú tí ara mi kú nígbà yẹn, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ dájú nìyẹn, mo sì dì í mú.

Ó fa okùn katakata. Ẹ́ńjìnnì náà dìde lẹ́ẹ̀kan náà bíi pé àná ni wọ́n pa á. Ọmọ mi obìnrin sáré jáde láti inú ilé nígbà tó gbọ́ ìró rẹ̀, ó dúró, ó wò wá, ó sì padà wọlé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti jíà àkọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Táyà gbọ̀n díẹ̀, kò lọ. Ó fi sí èkejì, kò lọ. Ó fi sí rìfáàsì, ibi kan náà. Ariwo ń bọ̀, jíà ń wọlé dáadáa, katakata kò kúrò lójú kan. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ń pè tó ń dáhùn “ẹ̀n, mò ń bọ̀” tí kò sì dìde.

A pe mẹkáníìkì kan wá láti Dọ̀pẹ̀mú, ẹni tó ń tún ọkọ̀ àwọn alájàpá ṣe. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ yá ni, tó máa ń kọrin bó bá ń tú ẹ̀rọ. Ó wo katakata lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ti jíà wọ̀ ọ́, ó fọwọ́ tì í, katakata sì yí gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́.

“Ẹ rí i bí, Mọ́mì? Ó wà nínú jíà, ó sì ṣì ń yí. Kò yẹ kó yí. Ẹ fi ọkàn balẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà ni.”

Ó wo bẹ́líìtì, ó le dáadáa. Ó fún wáyà kílọ́ọ̀ṣì, ó gbé katakata lé orí búlọ́ọ̀kù kí táyà má kan ilẹ̀, ó sì tan ẹ́ńjìnnì. Táyà méjèèjì ń yí wìrì! Gbogbo wa pariwo, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè, àwọn ọmọ mi ń fò. Mẹkáníìkì fi àkísà nu ọwọ́ bí ọba. A sọ katakata kalẹ̀. Ó gbọ̀n díẹ̀, ó dúró.

“Ó ń yọ̀ ni,” ó ní, orin rẹ̀ sì dákẹ́. “Bí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀, á ṣe bíi pé ara rẹ̀ le. Tí ó bá ti kan ilẹ̀, á yọ̀.”

Ó tú kílọ́ọ̀ṣì, kò sí ohun tó jẹ ẹ́. Ó da ọ́ìlì inú àpótí jíà sínú bàsíà mi, ọ́ìlì náà mọ́ bí òróró tuntun, kò sí èérún irin kan nínú rẹ̀. Ó họ orí. Ó ní a máa ṣí àpótí jíà fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣí i, ó to àwọn jíà kéékèèké àti ńláńlá sórí àpò sìmẹ́ńtì lábẹ́ igi máńgòrò wa, ó sì ń fi ọ̀wọ̀ gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń tú ẹja ńlá. Eyín wọn pé. Èmi jókòó lórí àpótí, mo ń wò wọ́n, mo ń bá a fi kẹrosíìnì fọ èyí tó bá fún mi. Bí wọ́n bá ní kí n máa fọ̀ wọ́n títí ọdún á fi yípo, màá fọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ tó bá mi lára mu nìyẹn, ohun tí kò ní ojú, tí kì í kí mi kú ara fẹ́ra kù.

Nígbà tó tò ó padà tán, nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́kù. Ó wò ó, ó jù ú sápò. Ó ní àwọn òyìnbó máa ń fi èènì sí i. Katakata kò lọ. Níkẹyìn, ó rí ihò kan ní ìdí táyà kọ̀ọ̀kan, tí gíríìsì dí pa. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀.

“Ẹ wo bí bàbá ṣe ń tọ́jú nǹkan! Ibi tí wọ́n ń fún gíríìsì sí nìyí. Ẹ jẹ́ n fi kún un, bóyá gbígbẹ ló gbẹ.”

Ó fún gíríìsì sí i títí ó fi ń yọ jáde. Katakata kò lọ. Ó kó sípánà rẹ̀ jọ, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa, kò sì kọrin jáde. Ojú ọ̀run ti ń ṣú lápá Ìkẹjà lọ́jọ́ náà, afẹ́fẹ́ sì ti ń gbé òórùn eruku tí òjò fẹ́ pa wá.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pe àwọn onírin. Wọ́n ti ọmọlanke wọn dé ẹ̀yìn ilé, ọkùnrin méjì, wọ́n wo katakata bí ẹni wo ewúrẹ́ tó ti gbó. Wọ́n dì í mú láti gbé e, gíríìsì tí mẹkáníìkì fi kún un yọ̀ lọ́wọ́ wọn, ó já lé ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sí mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, màdámú, ẹ fún wa ní àkísà.”

Mo wọ ilé ìdáná. Mi ò rí àkísà kan, mẹkáníìkì ti lo gbogbo rẹ̀. Mo yíjú, mo rí ṣòkòtò lórí ìṣó. Mo ronú pé kí ló kù, ẹ jẹ́ kó lọ náà. Mo fà á wálẹ̀. Ohun kan nínú àpò rẹ̀ lù mí létí orúnkún, ó wúwo. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìdajì orógbó tó ti gbẹ wà níbẹ̀, àti ọ̀rá kékeré kan tí wọ́n fi rọ́bà so. Mo tú u. Irin méjì ni, píìnì tó nípọn bí ọmọ ìka ọwọ́ mi, tó ń dán ní àárín bí ohun tí wọ́n máa ń tì bọ nǹkan lójoojúmọ́.

Mo dúró níbẹ̀. Àwọn onírin ń pè mí. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí ibi tí katakata wà, mo sì rí ẹ̀yìn rẹ̀, ọkọ mi, bó ṣe máa ń lóṣòó ti táyà ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀tún kọ́kọ́, lẹ́yìn náà òsì. Kó máa fọwọ́ tì í lọ, ó ní. Áà! Èmi olùkọ́!

Mo jáde, mo ní kí wọ́n sún. Mo lóṣòó ti táyà ọ̀tún nínú aṣọ dúdú mi, mo fi ìka wa gíríìsì inú ihò náà kúrò, mo rọra yí táyà títí ihò rẹ̀ àti ihò ọ̀pá tó gba àárín rẹ̀ kọjá fi ṣe déédéé, mo sì ti píìnì bọ̀ ọ́ láti so méjèèjì pọ̀, kí ọ̀pá má baà máa dá yí nínú táyà mọ́. Ó wọlé wọ̀ọ̀. Mo ṣe ti òsì.

“Ìyàwó, kí lò ń ṣe níbẹ̀?” ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń bi mí. “Ẹ́ẹ̀? Kí ni yẹn?”

“Ẹ fa okùn, sà.”

Ó fà á. Ó ti jíà wọ̀ ọ́. Katakata fò síwájú, ó wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kọjá lábẹ́ okùn tí mo sá aṣọ sí, aṣọ àwọn ọmọ sì wé mọ́ ọn lórí, ó ń kígbe pé “Ẹ gbà mí o! Ẹ gbà mí!” títí òun àti katakata fi kọlu ọgbà aládùúgbò. Àwọn onírin rẹ́rìn-ín dé ibi pé ọ̀kan jókòó sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yọ orí jáde lábẹ́ yúnífọ́ọ̀mù ọmọ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

“Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́!” ó ní. “Àbúrò mi, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́! Ó kú tán, ó tún ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.”

Nígbà tí mẹkáníìkì gbọ́, ó ní òun ti ń fura sí ihò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an la gbé e lọ sóko. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò lè dì í mú, ó ń fà á síbí, ó ń fà á sọ́hùn-ún, poro rẹ̀ rí kọ́lọkọ̀lọ. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí mo ń bú u fún ariwo, mo mọ bí ọkọ mi ṣe máa ń fi ìgbáròkó sún un láìmọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, nítorí mo ti dúró lẹ́bàá oko náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí mo gbé oúnjẹ dání, tí mo ń ráhùn pé ọbẹ̀ ti tutù. Mo rìn tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ pupa ń là níwájú mi. Àwọn tó wà lẹ́bàá ojú irin dúró, wọ́n ń wo opó tó wọ aṣọ dúdú tó ń da katakata, mi ò bìkítà. Kí òjò tó dé ní ọ̀sán, Ìyá Onílẹ̀ wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí àwọn poro náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ṣé o rí i?” ó ní. Ìyẹn nìkan ló sọ. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù wá ibòmíràn lọ.

Òjò dá ní ìrọ̀lẹ́. Mo gbé katakata sẹ́yìn ilé. Mo fẹ́ wọlé lọ fọ ọwọ́, mo wá rántí olè. Mo lóṣòó ti táyà ọ̀tún, mo fa píìnì yọ, mo fi gíríìsì dí ojú ihò rẹ̀. Mo bọ́ sí ti òsì. Ibẹ̀ ni ó ti bá mi. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti jìn wọlé díẹ̀, ojú ẹsẹ̀ méjì, ibi tí ó máa ń lóṣòó sí lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ tèmi sì bọ́ sínú rẹ̀. Ó dùn mí. Ó dùn mí wọ egungun, ó dùn mí bíi pé ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún mi pé ó ti kú. Mo fi orí ti táyà, mo sì sunkún, ẹkún tí gbogbo obìnrin ìjọ ti dúró dè títí tí wọ́n fi lọ sílé wọn. Ọmọ mi obìnrin wà lójú fèrèsé ilé ìdáná. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀yìn mi nìkan ni òun rí, òun sì rò pé ẹrẹ̀ ni mò ń ha.

Ó ti pẹ́ gan-an. Ẹ̀fọ́ yẹn ló tọ́ àwọn ọmọ náà dàgbà, kò sẹ́ni tó lọ sí yàrá tó ṣófo. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti sùn, Ìyá Onílẹ̀ náà ti sùn, ilé ìkẹ́rù gàgàrà ló wà lórí ilẹ̀ wa báyìí, katakata sì ti dógùn-ún débi tí èmi fúnra mi pe àwọn onírin sí i. Kí wọ́n tó gbé e, mo yọ ohun tó jẹ́ tèmi lára rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì mi, ó bá píìnì méjì nínú ọ̀rá, tí mo fi rọ́bà so. Ó ní, “Mọ́mì, katakata ti lọ láti ọjọ́ yìí. Kí lẹ ṣì ń fi èyí ṣe?”

Mo ní kí wọ́n má baà jí i ni. Ó wò mí títí, ó tún rọ́bà náà so, ó sì dá a padà sí ibi tó ti rí i.